Iyọ̀ Ojú Títì

Àlàó, Ẹ̀ṣọ́ Ìkòyí tí kì í gba ọfà lẹ́yìn, ọkọ mi, ọbẹ̀ tí kò níyọ̀ nìkan ni mo rí tó lé e sá. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, kò gbọdọ̀ jẹ iyọ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ kan tó kọ oúnjẹ, ọmọbìnrin wa tó ń kàwé lé dìgírì nílùú òyìnbó pè wá. Ó ní iyọ̀ tí wọ́n ń dà sí títì nígbà òtútù lòun ń ṣèwádìí lé lórí.

Àlàó ní, "Títì? Ṣé wọ́n fẹ́ sọ ọ́ lórúkọ ni?"

"Rárá, Bàbá. Kí yìnyín lè yọ́ ni, kí mọ́tò má baà máa yọ̀."

"Ẹ gbọ́ o! Títì tí kò lẹ́nu ń jẹyọ̀ yó, èmi ń jẹ ewé bí ewúrẹ́!"

Mo ní kí ọmọ wa sọ ohun tí iyọ̀ ọ̀hún ń ṣe. Ó ní òjò ń gbé e wọ odò, ọ̀pọ̀lọ́ ibẹ̀ sì ń kú.

"Ṣé ọ̀pọ̀lọ́ ni mí?"

"Bàbá, ẹ̀jẹ̀ yín náà, odò ni."

Àlàó fa àwo mọ́ra, ó jẹ ọbẹ̀ tó tẹ́ náà tán. Ó ní, "Nítorí ọ̀pọ̀lọ́ ni o, kì í ṣe nítorí ìyá ẹ."

Láti ìgbà náà, tí a bá lọ kí àwọn èèyàn mi l'Ọ́yọ̀ọ́, fúnra rẹ̀ ni yóò sọ pé odò lòun, òun kì í jẹyọ̀. Ó pẹ́ lọ́dọ̀ wa títí ọmọ náà fi gboyè, tó padà wálé. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá, lẹ́yìn ìrun, a sin Àlàó sí Ògbómọ̀ṣọ́, ìlú rẹ̀.