Ọwọ́ Òsì Ọlọ́wọ́-kan

Àbúrò mi ọkùnrin máa ń tún ampilifáyà gìtá ṣe, irú ti àtijọ́ tó ń lo fáàfù. Fáàfù, tó ń mú ohùn gìtá ròkè, dà bíi gílóòbù kékeré. Ó máa ń pọ́n, ó sì máa ń gbóná. Èmi ni mo ń kan àpótí wọn. Tó bá ń ṣiṣẹ́, ọwọ́ òsì rẹ̀ kì í kúrò nínú àpò ṣòkòtò. Iná tó bá gba ọwọ́ kan wọlé, tó gba ìkejì jáde, àyà ló gbà kọjá. Àwọn oníbàárà wá ń pè é ní Ọlọ́wọ́-kan.

"Ọlọ́wọ́-kan, kí lo kó sápò tó ò fẹ́ ká rí?"

"Ẹ̀mí mi ni."

Lọ́dún méje sẹ́yìn, ó yọ ọwọ́ náà, ó fi di ampilifáyà kan mú. A ti yọ wáyà rẹ̀ lára iná láti wákàtí kan, ṣùgbọ́n kapásítọ̀ inú rẹ̀ ṣì gbé iná pamọ́. Iná náà gbé e lu ògiri. Mo ń fá pákó lọ́wọ́. Ojú mi ló ṣe. Látọjọ́ náà kò ṣí ampilifáyà mọ́. Pẹ́dàlì nìkan ló ń tún ṣe, àwọn àpótí kékeré tí onígìtá máa ń fẹsẹ̀ tẹ̀. Àwọn èèyàn ní ó ń ṣe fọ́ńté. Ẹ̀rù ló ń bà á.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin ń ta gìtá. Pẹ́dàlì méjì ló ní. Èyí tí wọ́n ń pè ní ofadíráìfù máa ń ti fáàfù títí ohùn fáàfù fúnra rẹ̀ yóò fi ha. Dístọ́ṣọ̀n, ìkejì, ò dúró de fáàfù. Òun fúnra rẹ̀ ló ń ya ohùn náà. Lọ́sàn-án Sátidé kan, ní aago méjì, ó gbé ampilifáyà rẹ̀ wọ ibi iṣẹ́ wa. Aago mẹ́rin ló fẹ́ ta gìtá ní gbọ̀ngàn kan.

"Dádì, mo ti pa pẹ́dàlì méjèèjì, ohùn ṣì ń ha. Fáàfù ti ń kú."

"Gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì."

"Ta ni? Ẹ jókòó yín jàre, màá ṣí i fúnra mi."

Ó ti mú sukurudíráfà. Ọwọ́ rẹ̀ kejì wà lórí irin ampilifáyà náà.

"Fi sílẹ̀!"

Mi ò gbọ́ irú ohùn yẹn lẹ́nu àbúrò mi rí. Ó gba sukurudíráfà náà. Ó ki ọwọ́ òsì bọ àpò, ó ṣí ampilifáyà náà. Èmi di tọ́ọ̀ṣì mú. Ó fi mítà tó ń wọn iná kan kapásítọ̀: fóltì ọ̀ọ́dúnrún ó lé ogún, ó tó pààyàn. Òógùn ń kán láti imú rẹ̀ sórí tábìlì. Ó mú wáyà tó ní rẹsítọ̀ láàárín, èyí tó ń fa iná jáde díẹ̀díẹ̀, ó há orí kan mọ́ irin, ó fi orí kejì kan kapásítọ̀. A ń wo mítà. Ọgọ́rùn-ún. Ogójì. Òdo. Ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì sí i. Ó pààrọ̀ fáàfù, ó dè é padà.

Ọmọ ta gìtá. Ohùn ṣì ń ha.

Àbúrò mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Èmi yọ wáyà gìtá lára pẹ́dàlì, mo kì í bọ ampilifáyà tààrà. Ohùn mọ́ gaara. Iná pupa kékeré tó ń fi hàn pé ofadíráìfù ń ṣiṣẹ́ ló kú. Pẹ́dàlì náà ò kú rárá. Àbúrò mi ló sì máa ń pariwo mọ́ gbogbo oníbàárà pé, "Ẹ kọ́kọ́ kì í tààrà ná!" Ẹ̀rù ti mú un gbàgbé.

Ọmọ bú sẹ́rìn-ín. "Ah, Dádì! Lásán lẹ ṣí i!"

"Ọ̀ọ́dúnrún ó lé ogún," ni bàbá rẹ̀ wí. "Ọwọ́ rẹ méjèèjì ló sì wà lórí ẹ̀."

Ẹ̀rín tán lẹ́nu ọmọ.

"Ẹ̀gbọ́n," àbúrò mi pè mí, "ẹ bá mi yọ ọwọ́ yìí."

Ó ti di aṣọ àpò mú débi pé ìka rẹ̀ ò ṣí. Ọmọ rẹ̀ kúnlẹ̀. A jọ ń tú ìka náà, lọ́kọ̀ọ̀kan.