Ìròyìn Sàbítíyù, Ìlà Kan, Ìlà Méjì

Sàbítíyù Àbẹ̀kẹ́, ọmọ Oníkòyí, ọmọ arógun-yọ̀, ìyá Ràlíátù, ìyá oníkarosíìnì ní Ìgàndó, obìnrin tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi: nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ̀yìn mi lo ti ń wo ayé. Ọdún mẹ́rin ni mo fi jù ọ́ lọ. Èmi ni mo ń pọ̀n ọ́ tí ìyá wa bá lọ sóko, etí mi sì ni o kọ́kọ́ ń ròyìn sí.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ ó rántí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nínú agboolé yín. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, tí a ti pọnmi, tí mo ń fi ojú oorun gbálẹ̀, Sàbítíyù á dúró sẹ́nu ọ̀nà, á máa sọ fún gbogbo ẹni tó ń kọjá, títí kan ẹni tí kò dúró: “Bọ̀dá mi tọ̀ sórí ẹní o. Ẹ̀kọ wa ti tutù o. Ewúrẹ́ ti wọ yàrá Bàbá o.” Ìyá wa á fà á létí, á ní, “Ta ló bi ọ́?” Ọmọ náà á ní, “Kò sẹ́ni tó bi mí. Mo kàn ń sọ ni.”

Mo jẹ ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà tí mo kọ́kọ́ gba ààwẹ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn ni. Ní ìyálẹ̀ta, ahọ́n mi ti gbẹ bí ewé ìrókò. Àmù ńlá kan wà nígun yàrá ìyá wa, omi inú rẹ̀ tutù, òórùn amọ̀ sì ń ta sánsán lára rẹ̀. Mo lúgọ sẹ́yìn rẹ̀, mo bu igbá kan, mo gbé e sẹ́nu. N kò tíì gbé e mì tán tí mo gbóhùn lẹ́nu ọ̀nà: “Bọ̀dá mi ti mumi o! Ó tún ń bù sí i o!” Gbogbo agboolé ló jáde. Bàbá kò nà mí. Ọjọ́ iléyá ni wọ́n fi ìyà tèmi sí, bẹ́ẹ̀ a kì í gba ààwẹ̀ lọ́jọ́ ọdún: àwọn yòókù ń jẹ ẹran àgbò, òróró ń kán sí wọn láyà, èmi jókòó sábẹ́ igi, mò ń gba ààwẹ̀ tí mo jẹ. Sàbítíyù mú egungun kan wá sí iwájú mi, ó lá a díẹ̀díẹ̀, ó ní kí n má bínú, òun kàn sọ ohun tí òun rí ni.

Ìgbà tí Èkó gbà wá tán, mo ń ránṣọ ní Ẹ̀gbẹ́dá, ó ń ta karosíìnì ní Ìgàndó. Ọjọ́ ogbó ni ọmọ rẹ̀ Ràlíátù ra fóònù tí wọ́n ń fọwọ́ pa lójú fún un, ó fi í sí ibi tí wọ́n ti ń kọ ìlà kan, ìlà méjì fún gbogbo ayé. Ará mi, Sàbítíyù rí ẹnu ọ̀nà tó tóbi ju ti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ! “Iná ti dé ní Ìgàndó. Ó ti lọ.” “Ẹ̀bà òní le.” “Orúnkún òsì ló ń dùn mí, ọ̀tún ń sinmi.” “Òjò ṣú láti apá Ẹ̀gàn, ẹ ká aṣọ.” Mo ní ti òjò yẹn nìkan ló wúlò, àwọn tó kù ìmọtara-ẹni-nìkan ni. Ta ló fẹ́ gbọ́ nípa orúnkún?

Àfi bí wọ́n ṣe wé láwàní fún mi, tí mo di Bàbá Àdínní mọ́ṣáláṣí wa. Ní ọjọ́ kejì, Sàbítíyù kọ ọ́ pé: “Ọkùnrin tí wọ́n wé láwàní fún ní Ẹ̀gbẹ́dá lánàá, ẹ̀yìn àmù ni mo ká a mọ́ nínú ààwẹ̀, omi ń ṣàn lágbọ̀n rẹ̀.” Ní Jímọ̀, Alfa Múfútáù ti mọ́ṣáláṣí wa, tó ti kà á, dojú kọ mí láàárín ìjọ: “Bàbá Àdínní, ṣé kí wọ́n bu omi wá?” Ìjọ rẹ́rìn-ín títí ẹni tó ń pe ìrun fi gbàgbé láti pè é.

Mo búra pé n kò ní bá Sàbítíyù sọ̀rọ̀ mọ́. Ó pè mí, n kò gbé e. Ó rán Ràlíátù wá bẹ̀ mí, mo ní kí ó padà. Ṣùgbọ́n ṣá, ọkàn mi kò balẹ̀: kí ló tún ń sọ? Mo gbé fóònù mi lọ bá Kàmọ́rù, tó ń tún fóònù ṣe ní ibùdókọ̀ Plẹ́ṣọ̀, mo ní kí ó fi mí síbẹ̀ lórúkọ mìíràn. Ó pè mí ní “Ará Ẹ̀gàn.” Mo wá ń ka Sàbítíyù láàárọ̀ lálẹ́. Tí kò bá sọ ti orúnkún rẹ̀ títí di ọ̀sán, ẹ̀rọ ìránṣọ mi kì í lọ geere.

Lọ́jọ́ kan mo kọ ọ́ sí i pé, “Ìyá, ta ló bi yín?” Ó dáhùn wàrà: “Ìwọ tó ń kà á ni.” Mo tún kọ pé kò sí àǹfààní nínú ohun tó ń sọ. Ó ní, “Kí ló dé tí o kì í lọ?” Bí a ṣe ń bá a lọ nìyẹn fún oṣù méje. Lẹ́yìn náà ni mo ṣàkíyèsí pé ó ti ń fi “ẹ” bá Ará Ẹ̀gàn sọ̀rọ̀. Ní àárọ̀ kan ó kọ ọ́ pé: “Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Ẹ̀gàn láti Ẹ̀gbẹ́dá, orúnkún méjèèjì ló ń dùn mí báyìí, n kò lè wá mọ́. Ẹ wá.”

Mo wọ kẹ̀kẹ́. Orí ìjókòó ni mo bá a, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú. Ó fa fóònù yọ, ó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ti àpò mi sì dún. Ó ti kọ ọ́ fún gbogbo ayé: “Ẹ̀gbọ́n mi ti dé. Ó ti rù.” Mo ní, “Sàbítíyù, aláìnítìjú ni ọ́.” Ó ní, “Ẹ kú àbọ̀, Bọ̀dá mi. Ṣé kí n bu omi?” Mo mu ife méjì.

Oṣù méjì péré la fi jókòó bẹ́ẹ̀ kó tó lọ.

Ní ìdílé wa, ẹ̀gbọ́n kì í dé ibojì àbúrò. Nígbà tí àbúrò ìyá wa kú láyé ọjọ́un, ẹnu ọ̀nà ni ìyá wa jókòó sí láti àárọ̀ títí àwọn èèyàn fi ti ibi ìsìnkú dé. Ohun tó bi wọ́n ni bóyá ilẹ̀ ibẹ̀ rọ̀. Kò sẹ́ni tó kíyè sí ilẹ̀ náà nínú wọn, tí yóò ròyìn rẹ̀ fún un. Ní tèmi, inú ṣọ́ọ̀bù mi ni mo wà ní Ẹ̀gbẹ́dá, fóònù wà lórí ẹ̀rọ ìránṣọ, Ràlíátù sì ń kọ ọ́ ránṣẹ́: “A ti gbé Màámi dé.” “Òòrùn mú.” “Alfa Múfútáù ń sunkún.” Mo kọ ọ́ padà pé, “Kọ sí i. Báwo ni ilẹ̀ ṣe rí?” Ó ní, “Ó rọ̀, Bàbá. Pupa ni.” Mo ní kí ó má dákẹ́.

Ọjọ́bọ̀ ni, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Wọ́n sin ín sí Ìgàndó.