Ahá Ẹni Tó Rìnrìn Àjò

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo mú àlejò yí ká ìlú Ọ̀yọ́, mo ti há gbogbo ìtàn ààfin sórí. Mo mọ ohun tí n ó sọ nípa àwọn òpó tí wọ́n gbẹ́, mo sì mọ ibi tí n ó ti ní kí wọ́n bọ́ bàtà. Ọkùnrin méjì láti Èkó ni àwọn àlejò náà. Wọ́n tẹ́tí sí mi dáadáa, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n wá bi mí pé níbo ni àwọn ti lè rí ẹmu gidi mu. Ọmọ oníṣẹ́ awọ ni mí ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, mùsùlùmí sì ni wá látilẹ̀. N kò fi ẹmu kan ètè rí. Mo kàn nawọ́ sí ọ̀nà kan ni, mo sì ń gbàdúrà nínú ọkàn mi kí ilé ẹmu wà níbẹ̀.

Bàbá Àkànmú, tí wọ́n kọ́ mi níṣẹ́ amọ̀nà, rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn nígbà tí wọ́n gbọ́. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni ló lè júwe ààfin. Ibi tí àlejò ti lè jókòó gbọ́ ọ̀rọ̀ ìlú lẹ́nu onílùú gan-an ni iṣẹ́ wa. Wọ́n sì kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọdọ̀ júwe ibi tí èmi fúnra mi kò bá jókòó sí rí. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó nílé ẹmu nìyẹn, tèmi ti híjáàbù mi àti ìgò ẹlẹ́rìndòdò kan. Kò pẹ́ tí wọ́n fi fẹjọ́ mi sun ààfáà àdúgbò wa. Ààfáà bi mí bóyá òótọ́ ni, mo ní òótọ́ ni, iṣẹ́ ni. Wọ́n wá bi mí pé kí ni ìyàtọ̀ ẹmu àti ògùrọ̀. Mo ṣàlàyé pé ara ọ̀pẹ ni wọ́n ti ń dá ẹmu, pé igi mìíràn tó fẹ́ràn àbàtà ni ti ògùrọ̀. Atọpinpin ni mí, ohun tí mo bá rí ni mo máa ń tú dé ìdí.

Láàárín gbogbo àwọn àlejò mi, Bàbá Lásísì ni n kò lè gbàgbé. Tàmálè ní Gánà ni wọ́n ti wá. Irùngbọ̀n wọn ti funfun, Yorùbá ẹnu wọn sì dà bíi ti ìyá ìyá mi. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá tó bí wọn. Ìgbà èwe ló lọ ṣòwò ní Gánà, kò sì padà wálé mọ́ títí ó fi kú síbẹ̀. Bàbá Lásísì ti kọ́kọ́ dé Ògbómọ̀ṣọ́ kí wọ́n tó wá bá mi. Agbo ilé bàbá wọn ti di ṣọ́ọ̀bù, kò sì sẹ́ni tó mọ orúkọ rẹ̀ mọ́.

Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fín igbá, Bàbá Lásísì yọ ahá kan nínú báàgì wọn, igbá kékeré tí a fi ń mu ẹmu. Alángbá méjì tó kọjú síra ni wọ́n fín sí i lára. Wọ́n ní bàbá wọn ló fín in ní Tàmálè, tó sì máa ń sọ pé ìkejì rẹ̀ ń bẹ nílé ẹmu kan nítòsí Takie ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ohun tí wọ́n torí rẹ̀ wá nìyẹn. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni nílé retí bàbá wọn rí, àbí lọ́jọ́ tó ti lọ ni wọ́n ti gbàgbé rẹ̀. Ara mi kò gbà á mọ́. Mo pa ètò ọjọ́ náà tì, a wọ mọ́tò, ó di Ògbómọ̀ṣọ́.

Ní Takie, ọlọ́kadà àgbàlagbà kan ló júwe ilé ẹmu tó pẹ́ jù ládùúgbò náà fún wa, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì. Àdùkẹ́ lorúkọ obìnrin tó ni ín. Bàbá rẹ̀ tó ń dá ẹmu ló fi í sílẹ̀ fún un. Mo rí àwọn ahá tó fi kọ́ sókè ààrò, mo sì bi í léèrè ìdí rẹ̀. Ó ní oníbàárà kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀, èéfín ni kì í jẹ́ kí kòkòrò jẹ wọ́n. Bí ẹnì kan bá rìnrìn àjò, ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ fi ahá rẹ̀ mu. Bó bá kú, wọn á fọ́ ahá náà lójú gbogbo àwọn tó ń mu níbẹ̀, wọn á sì pe orúkọ rẹ̀.

Ibi tí mo ti ń bi í léèrè sí i ni Bàbá Lásísì ti nàka sókè. Ahá kan wà ní kọ̀rọ̀, ó ti dúdú kirikiri. Àdùkẹ́ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó fi ìborùn rẹ̀ nù ún. Alángbá méjì ló yọ jáde. Bàbá Lásísì gbé ti ọwọ́ wọn tì í.

“Bàbá mi ní a ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan eléyìí,” ni Àdùkẹ́ wí. “Wọ́n ní ẹni tó ni ín ń bọ̀.” Ó wo ojú àlejò mi. “Bàbá yín ńkọ́? Ṣé wọ́n wà?”

Ìgbà yẹn ni mo tó mọ ohun tí ìbéèrè náà jẹ́. Ohun kan ṣoṣo tó kù nílé tó jẹ́ ti bàbá wọn nìyí, òótọ́ ni yóò sì fọ́ ọ. Mo fẹ́ fa aṣọ wọn kí n sọ fún wọn pé kí wọ́n ní ó wà, ó ń kí ilé.

Bàbá Lásísì fi ìka tọ ara alángbá náà lọ, tọ̀ ọ́ bọ̀. “Wọ́n ti kú, ọmọ mi,” ni wọ́n wí. “Ó ti pẹ́.”

Àdùkẹ́ béèrè orúkọ, wọ́n ní Múráínà Àlàó. Àwọn ọkùnrin tó ń mu dìde, wọ́n ṣí fìlà. Kò sẹ́ni tó mọ olóògbé náà rí nínú wọn. Àdùkẹ́ la ahá tó sọ̀ kalẹ̀ náà mọ́ òkúta ààrò, gbogbo wọn sì jọ pe orúkọ náà ketekete. Bàbá Lásísì sunkún, èmi náà sunkún.

Nígbà tí ó rọlẹ̀, Àdùkẹ́ nawọ́ sí ahá tó wà lọ́wọ́ Bàbá Lásísì, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun fi í kọ́. Bàbá Lásísì ní àwọn kì í mu ẹmu.

“Mi ò bi yín léèrè ohun tẹ́ ẹ máa ń mu, bàbá,” ni Àdùkẹ́ dáhùn. “Ṣé ẹ máa padà wá?”

Bàbá Lásísì wo ìṣó tí ahá bàbá wọn fi sílẹ̀ lófo lókè ààrò náà títí, wọ́n sì gbé ahá náà fún un.