Ilé Tí Kò Níwájú

Ọdún kọkànlá rèé tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti ń fọṣọ fún ọ̀gá rẹ̀. Ó mọ àbàwọ́n aṣọ ọ̀gá ju bí ọ̀gá fúnra rẹ̀ ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Níbi ìfọṣọ tó wà lẹ́yìn ilé ọ̀gá lọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti kọ́ ìrìn.

Lọ́dún tó kọjá, àwọn kan wá ya fíìmù nípa ọmọ olówó àti ọmọ mẹ̀kúnnù. Wọ́n ní kí ọmọ wa àti ọmọ ọ̀gá, ọmọ ọdún méje làwọn méjèèjì, ya àwòrán ilé ọ̀gá. Nígbà tí fíìmù parí, wọ́n fìwé pe èmi, ẹ̀gbọ́n mi àti ọmọ rẹ̀ wá wò ó ní gbọ̀ngàn ńlá kan.

Nínú fíìmù náà, ọmọ ọ̀gá ya òdòdó, àtẹ̀gùn àti fèrèsé mẹ́wàá. Tiwa ya okùn ìsáṣọ, garawa ìdọ̀tí àti ilẹ̀kùn kékeré kan.

Ẹni tó ń ya fíìmù bi ọmọ wa pé, "Iwájú ilé ńkọ́?"

"Ilé yẹn ò níwájú, bọ̀dá."

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Inú bí mi! Kí ló pa wọ́n lẹ́rìn-ín níbẹ̀? Mo yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi.

Ó ní, "Àbúrò, ibo la gbà wọ ibí?"

Ẹ̀yìn la gbà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ garawa ìdọ̀tí, àwa tí wọ́n fìwé pè. Kò sẹ́ni tó ní ká gbabẹ̀. Ọmọ wa ló ṣáájú wa.