Orúkọ Tí Ó Fi Pẹ́ńsù Kọ

Ọdún mọ́kàndínlógún ni obìnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí fi ń pín iṣẹ́ fún àwọn èèyàn ní ilé-iṣẹ́ wa. Iṣẹ́ ibẹ̀ ni kí á máa gbé kámẹ́rà, iná àti ẹ̀rọ ohùn lọ síbi tí wọ́n bá ti fẹ́ ya àwòrán fún tẹlifíṣọ̀n, ìbáà ṣe gbọ̀ngàn ìpàdé tàbí pápá bọ́ọ̀lù. Òṣìṣẹ́ ilé tó ń gbowó oṣù jẹ́ mẹ́rìnlá. Àwọn oníṣẹ́ ọjọ́, ìyẹn àwọn tí à ń pè nígbà tí iṣẹ́ bá wà, tí a sì ń gbàgbé nígbà tí kò bá sí, lé ní ọgbọ̀n. Ìyá Onípátákó là ń pè é, nítorí pátákó kan tó gba odindi ògiri ọ́fíìsì rẹ̀, tó máa ń lẹ ìwé tuntun mọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Èmi ni mo ń ṣọ́ ilé ẹrù nígbà náà. Ilẹ̀kùn mi kọjú sí tirẹ̀.

Orúkọ tó bá fi bírò kọ sórí ìwé náà, iṣẹ́ onítọ̀hún dájú. Orúkọ tó bá fi pẹ́ńsù kọ, ó kàn fi ọjọ́ náà pamọ́ de olúwarẹ̀ ni, títí oníbàárà yóò fi sọ bóyá iṣẹ́ máa wáyé. Nínú orúkọ pẹ́ńsù mẹ́wàá, mẹ́rin ló ń di bírò. Rọ́bà ló ń jẹ ìyókù. Ẹnikẹ́ni kì í bínú, torí kò ná ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan.

Ó mọ ẹni tí kò gbọ́dọ̀ bá ẹnìkejì wọ ọkọ̀ kan náà. Ó mọ ẹni tó ń gbé ìyá rẹ̀ lọ sílé ìwòsàn ní gbogbo Ọjọ́rú. Ó mọ ẹni tó máa sọ pé òun ti wà lọ́nà nígbà tó ṣì wà nínú ilé ìwẹ̀, wákàtí kan ṣáájú àsìkò ló sì máa ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn oníṣẹ́ ọjọ́ yìí ni àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ìyá rẹ̀ gan-an. Iná ló ń so kọ́. Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta ni, orúnkún rẹ̀ ọ̀tún sì ti ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń gbé, nínú yàrá tó wà lẹ́bàá ilé ìdáná. Fún ọdún mẹ́rìndínlógún ni ẹ̀gbọ́n yìí kò fi fún un ní iṣẹ́ tó ju ti ẹnikẹ́ni lọ, ìgbà mìíràn kò tilẹ̀ tó ìpín rẹ̀, kí wọ́n má baà sọ pé ó ń ṣojúsàájú. Oníkámẹ́rà kan máa ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀ pé òun ò tíì rí ẹni tó di ṣíbí ìkòkò mú bẹ́ẹ̀, tí ọmọ ìyá rẹ̀ ń lá àwo.

Ní oṣù kìíní ọdún tí mò ń wí yìí, máníjà kéde pé tó bá di òpin oṣù kẹfà, àwọn yóò mú oníná kan tó bá ṣiṣẹ́ jù nínú àwọn oníṣẹ́ ọjọ́, àwọn yóò sọ ọ́ di òṣìṣẹ́ ilé. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe kékeré. Òṣìṣẹ́ ilé tó bá ti ń sún mọ́ àádọ́ta ọdún, ìdí tábìlì ìdarí iná ló ń jókòó sí, ìka nìkan ló fi ń ṣiṣẹ́. Oníṣẹ́ ọjọ́ ní tirẹ̀ yóò máa gun àkàbà títí di ọjọ́ tí àkàbà yóò kọ̀ ọ́. Mẹ́ta ló já bọ́ lójú tèmi. Ọ̀kan nínú wọn kò rìn mọ́. Ìyá Onípátákó bá pinnu pé, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo yìí, òun yóò gbè lẹ́yìn àbúrò òun. Ó fẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀.

Oṣù yẹn náà ni ètò orí kọ̀ǹpútà dé, tí wọ́n sì já pátákó kúrò lára ògiri. Kí n má parọ́, ètò náà dára. Wákàtí mọ́kànlá ni pátákó ń gbà lọ́sẹ̀, ètò yìí kò gbà ju mẹ́ta lọ. Àwọn tó tà á fún wa ní ọjọ́ mẹ́ta ni kí á fi kọ́ ọ. Ilé-iṣẹ́ sanwó ọjọ́ kan. Èmi náà gbè é lẹ́yìn nígbà náà pé ọjọ́ kan ti tó.

Ohun tí ọjọ́ kan náà fi yé Ìyá ni pé àwọ̀ ewé ni iṣẹ́ tó dájú. Ó rí àwọ̀ yẹ́lò, ó ní, "Pẹ́ńsù nìyí." Kì í ṣe pẹ́ńsù. Bí a bá fi yẹ́lò sí orúkọ èèyàn, ètò náà yóò kọ̀wé sí onítọ̀hún lórí ímeèlì, yóò bi í bóyá ó máa wá. Tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́ tí kò dáhùn, yẹ́lò náà á parẹ́, ètò náà á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó kọ iṣẹ́. Ẹni tó bá ń kọ iṣẹ́ á máa wálẹ̀ lórí ìwé orúkọ. Nígbà tí iṣẹ́ bá sì dájú, ẹni tó wà lókè ni ètò náà ń kọ́kọ́ mú.

Wọ́n ní kí kálukú mú àdírẹ́sì ímeèlì wá. Àbúrò rẹ̀ kò ní. Fóònù rẹ̀ kò wúlò ju kó gbé e sétí lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣí ọ̀kan fún un láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó kọ ọ̀rọ̀ àṣírí tí a fi ń ṣí i sínú ìwé kékeré kan, ó jù ú sínú báàgì. Kí ló tún fẹ́ fi ṣe? Ìdí tábìlì kan náà làwọn méjèèjì ti ń mu tíì láàárọ̀, ẹnu ló sì fi ń sọ fún un pé Ọjọ́bọ̀, aago méje, gbọ̀ngàn báyìí. Òun náà á mi orí, ó tán.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi yẹ́lò pa ọjọ́ mọ́ fún un. Lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀. Tí yẹ́lò bá parẹ́, á fi wé rọ́bà, á gbà pé oníbàárà ló yẹ̀. Ní oṣù kejì, àbúrò rẹ̀ rí iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ní oṣù kẹta, mẹ́fà. Ní oṣù kẹrin, mẹ́ta péré. Ìyá bá tún fi kún yẹ́lò rẹ̀. Bó ṣe ń fà á sókè, bẹ́ẹ̀ ló ń tì í wálẹ̀.

Ọkùnrin náà kì í ráhùn. Ẹ̀jẹ̀ ló wà nínú, itọ́ funfun ló ń tu jáde. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló béèrè pé kí ló dé tí obìnrin oníná kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé fi ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ mẹ́rìnlá lóṣù. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kó ní sùúrù, pé òun ń ṣe nǹkan kan.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn oṣù kẹfà, máníjà ránṣẹ́ pe Ìyá. Ọmọdé tó lè bí ni. Ó dìde fún un, ó sì ní kó jókòó. Ó ní obìnrin oníná yẹn làwọn mú. Ìyá béèrè pé àbúrò òun wá ńkọ́, ẹni tó ti lo ọdún mẹ́rìndínlógún lẹ́nu iṣẹ́. Máníjà yí ojú kọ̀ǹpútà sí i.

"Ẹ wò ó, mà. Ìgbà mọ́kànlélógójì la pè wọ́n. Wọn ò dáhùn ẹyọ kan."

Ìyá wo àdírẹ́sì tó wà níbẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́. Ó béèrè, bí ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ ìdáhùn, pé kí ni yẹ́lò túmọ̀ sí gan-an, máníjà sì ṣàlàyé. Ó mú ìwé kékeré náà jáde nínú báàgì, ó ṣí àpótí ímeèlì náà níṣojú ọmọkùnrin yẹn. Ìwé mọ́kànlélógójì ló wà níbẹ̀, kò sí èyí tí ẹnikẹ́ni kà.

"Èmi ni mo mú kọ́kọ́rọ́ ibí yìí lọ́wọ́," ó ní. "Òun ò mọ̀ pé wọ́n ń kọ̀wé sí òun. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá, ẹ má fi ẹ̀bi mi kọ́ ọ lọ́rùn."

Máníjà yí kọ̀ǹpútà padà sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ó ní òun lè pa gbogbo àìdáhùn yẹn rẹ́, kó tún bẹ̀rẹ̀ ní mímọ́. Ṣùgbọ́n lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ ti lọ lánàá.

"Obìnrin yẹn ti sọ fún àwọn ọmọ ẹ̀, mà. Ṣé kí n lọ gbà á padà?"

Ìyá jókòó síbẹ̀, ó wo ọwọ́ rẹ̀. Ó ní rárá, kó má gbà á.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó bá àbúrò rẹ̀ lórí àga nínú ilé ìdáná, tó ń fi òróró pa orúnkún. Orí ìdúró ló ti sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láìfi ọ̀kan pamọ́. Àbúrò rẹ̀ béèrè pé ẹ̀ẹ̀mélòó. Ó sọ iye rẹ̀.

"Mo rò pé ẹ ń sá fún ẹnu ayé bí ẹ ṣe máa ń ṣe ni," ọkùnrin náà wí.

"Ọdún yìí ni mo fẹ́ gbè ọ́."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín tí kò dé ojú. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀ bá fi mí sílẹ̀ bí mo ṣe wà. Àìgbè yẹn ló ń bọ́ mi."

Ó dé ìgò òróró. Ó béèrè iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìyá ní ọ̀kan ṣoṣo ni, gbọ̀ngàn tuntun, òrùlé rẹ̀ ga, kó fi í sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́. Àbúrò rẹ̀ ní àwọn ọ̀dọ́ wo? Kó fi orúkọ òun sí i. Ó sì fi í sí i.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo kó wáyà lọ síbẹ̀, Ìyá náà bá mi lọ. Ó ní ìwé kan wà tí òun fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ sí. N kò rí ìwé kankan lọ́wọ́ rẹ̀. A bá àbúrò rẹ̀ lórí àkàbà. Ẹsẹ̀ tó dára ló ń kọ́kọ́ gbé, á wá fa èkejì bá a lórí ìtẹ̀ kan náà, á mí, kó tó gbé e sí òmíràn. Ìtẹ̀ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni. Ó sinmi lórí ìkẹsàn-án, ó tún sinmi lórí ìkẹtàdínlógún. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dúró ti ògiri, ètè rẹ̀ ń ka iye rẹ̀ láìsí ohùn.

Nígbà tó so iná àkọ́kọ́ kọ́, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀, Ìyá bi mí pé aago mélòó ló lù. Mo ní mẹ́wàá ku díẹ̀. Ó ní òun ò tíì ṣe ètò ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó sì jáde lọ sínú ọkọ̀. Iná mọ́kànlá ló ṣì wà nílẹ̀ tó kù láti gbé gòkè.