Ẹni Tó Ń Béèrè Lẹ́yìnkùlé

Rájí Àkànní, Ìyèrú Òkín, ọmọ Ọlọ́fà mọjọ̀, ọmọ ìjàkadì lorò Ọ̀fà, ọkọ mi. Mo rántí ìgbà tí owó epo dé, tí katapílà ń wó igbó Ẹ̀gbẹ́dá, tí gbogbo ọkùnrin tó mọ ìṣirò ń ta sìmẹ́ńtì. Ọkọ tèmi ń kàwé ní tirẹ̀. Ó ti gba oyè kìn-ín-ní ní yunifásítì, ó tún ń wá èkejì, lórí bí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ń bá ara wọn gbé àti ìdí tí wọ́n fi ń jà. Bàbá Dàúdà, onílé wa, a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Àkànní, àwọn tó ò ń ka ìjà wọn yìí, ṣé wọ́n mọ̀ ẹ́ ṣá?"

Ìwé mẹ́fà ni mo kà, aránṣọ ni mí, síbẹ̀ èmi ni olùkọ́ tó ń dán an wò nílé. Bó bá ti di ọ̀sán, á gbé àga sẹ́yìnkùlé, níwájú pèrègún tó pààlà sáàrin ilé àti sàréè àwọn baba onílé. Èmi á wà nídìí ẹ̀rọ mi ní yàrá, màá máa bi í láti ojú fèrèsé ní àwọn ìbéèrè tó ti kọ́ mi. Ọ̀mọ̀wé kan nínú ìwé rẹ̀ ní àwọn orílẹ̀-èdè dà bí ilé tí kò ní baálé, oníkálukú ní láti pọ́n àdá tirẹ̀. Òmíràn ní rárá, òwò àti àdéhùn lè so wọ́n pọ̀. Ẹ̀yìn àwọn aládàá ni ọkọ mi wà.

Ọjọ́ tí a kó débẹ̀ ni Bàbá Dàúdà ti kìlọ̀ pé lọ́sàn-án gangan, bí wọ́n bá pè wá lágbàlá náà, ká má dáhùn àfi tá a bá rí ojú ẹni tó pè wá. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, kí n má bàa jọ ará oko.

Lọ́jọ́ kan, òwú já nídìí ẹ̀rọ. Mo dákẹ́, mo ń ki òmíràn bọ abẹ́rẹ́. Mo gbọ́ ọkọ mi níta tó ń sọ pé, "Ẹ̀rù ni. Bí alágbára méjì ò bá bára wọn jà, ẹ̀rù ló fà á." Nígbà tó wọlé, ó ń yìn mí pé ìbéèrè tí mo bi í kẹ́yìn yẹn dára. Mo ní mi ò bi í ní nǹkan kan.

"Ohùn ẹ ni. O kọ́kọ́ pè mí ní Àkànní."

Mi ò pè é ní Àkànní rí. Bàbá Fàtí ni mò ń pè é.

Ìbéèrè yẹn gan-an ni àwọn olùkọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ bi í lọ́jọ́ ìdánwò. Ó yege, ṣùgbọ́n a ò lè yọ̀. Nígbà tí a sọ ọ́ fún Bàbá Dàúdà, kò bú wa. Ó kàn ní, "Ẹni tó béèrè yẹn á tún padà wá béèrè. Ẹ má dáhùn mọ́."

Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni kì í dáhùn ẹni tí kò rí nílé wa. Bó o bá fẹ́ pe èèyàn, o ó gbé ojú ẹ lọ bá a. Nígbà tí a kọ́lé tiwa sí Ìkòtún, àṣà náà bá wa lọ, àwọn àlejò sì rò pé adití ni gbogbo wa. Ọ̀rọ̀ àgbà, bí kò ṣẹ lówùúrọ̀, á ṣẹ lálẹ́.

Lọ́sàn-án Jímọ̀ tó kọjá, mo ń lọ ata ní kíṣìnì, mo gbọ́ ohùn ọkọ mi ní pálọ̀.

"Rárá o. Ẹ̀rù nìkan kọ́."

Mo bi í láti ibẹ̀ pé, "Bàbá Fàtí, ta lẹ ń bá sọ̀rọ̀?" Kò dáhùn. Ọkàn mi balẹ̀, torí bẹ́ẹ̀ la ti ń ṣe é látọjọ́ yìí wá. Mo lọ ata mi tán, mo fọwọ́, mo gbé ojú mi lọ bá a. Ó jókòó, ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà tí mo gbà wọlé. Kò mí mọ́.

A sin ín lọ́jọ́ Jímọ̀ náà, kí oòrùn tó wọ̀.