Bí Mo Ṣe Lọ Wádìí Ilé-Ẹ̀kọ́ Méjì ní Ìbàdàn Nítorí Fẹ́yì

Ìjù-Odò ṣì ṣókùnkùn nígbà tí èmi àti Fẹ́yì, ọmọ àbúrò mi, gbéra nílé. Ọdún tí ogun abẹ́lé parí ni. Èmi gbé àtùpà, òun gbé àpò. Lẹ́tà méjì tí ó gbé wa jáde wà nínú àpò náà. Mo ní kí ó fi aṣọ wé wọn, kí ó sì to pupuru, ẹ̀gẹ́ tí a fi èéfín yan, lé wọn lórí, nítorí ẹni tí yóò bá jí lẹ́tà kò ní fẹ́ fọwọ́ kan pupuru. Fẹ́yì rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Bàbá Fẹ́yì ti kú tipẹ́, èmi ni mo tọ́ ọ. Ó ka ìwé títí ó fi jáde ní yunifásítì, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ níwèé ní Òkìtìpupa. Nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú ìyá rẹ̀, ọ̀rọ̀ dá lẹ́nu obìnrin náà pátápátá. Fún ọdún méjì, kí ìyá náà tó kú, alẹ́ alẹ́ ni Fẹ́yì ń jókòó tì í, tí ó ń kọ́ ọ ní orúkọ ìkòkò, orúkọ iná, orúkọ àwa ará ilé. Dókítà kan rí i, ó sọ fún un pé àwọn òyìnbó ń fi èyí ṣe iṣẹ́, wọ́n sì ń gba oyè kejì nínú rẹ̀. Sipíìṣì tẹ́rápì ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ni títún ọ̀rọ̀ ṣe lẹ́nu ẹni tí àìsàn gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, tàbí lẹ́nu ọmọ tí ń kólòlò. Láti ọjọ́ náà ni Fẹ́yì ti ń kọ lẹ́tà sí òkè òkun. Ilé-ẹ̀kọ́ méjì ló dá a lóhùn, ọ̀kan ní Ìlú Ọba, ọ̀kan ní Amẹ́ríkà. Àwọn méjèèjì ní kí ó wá rí ènìyàn wọn ní Ìbàdàn, kí ó sì mú ẹbí rẹ̀ kan dání.

Mo fura sí àwọn méjèèjì. Ọ̀rọ̀ sísọ tí ọmọ ọdún méjì ń kọ́ lẹ́yìn ìyá rẹ̀, òun ni ènìyàn yóò wọ ọkọ̀ òfurufú lọ kọ́? Ẹ̀gbọ́n Jòsáyà, tí ó jẹ́ olórí ẹbí wa, ni ó là mí lọ́yẹ̀. Ó ní: "Ilé tí yóò gba ọmọ wa sọ́dọ̀ fún ọdún méjì, kí ló fi yàtọ̀ sí ilé ọkọ? Lọ wádìí wọn bí a ṣe ń wádìí àna." Ọ̀rọ̀ yìí bọ́ sí mi lára. Iṣẹ́ alárenà kò ṣàjèjì sí mi.

Ní Òkìtìpupa, ṣílè mẹ́fà ni wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan dé Òǹdó. Mo ní kí wọ́n búra pé iye tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn yòókù nìyẹn. Awakọ̀, ọmọ Òǹdó tí ó dé fìlà dẹ́tí, wo àpò tí mo gbé lé orúnkún.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé àpò yẹn sórí mọ́tò."

"Kò ní lọ sórí mọ́tò."

"Kí ló wà níbẹ̀? Góòlù?"

"Pupuru ni."

"Ẹ̀yin ará Ìkálẹ̀! Pupuru lẹ gbá mọ́ra bí ọmọ tuntun báyìí?"

Gbogbo mọ́tò bú sẹ́rìn-ín. Mo jẹ́ kí wọ́n rín in. Ìgbà tí a dé oríta Ọ̀rẹ̀, tí àwọn sójà sọ gbogbo wa kalẹ̀ láti tú ẹrù, èyí tí ó dé ọ̀dọ̀ mi ṣí àpò, òórùn èéfín pupuru kọlù ú, ó sì fọwọ́ júwe pé kí n máa lọ. Mo wo Fẹ́yì. "Ṣé o rí nǹkan?" Ó ní, "Mo rí i, Bàbá."

Títì ọlọ́dà ń bẹ, ó ń tán, ó tún ń bẹ, eruku pupa sì ń wọlé láti àárín pákó. Ní Òǹdó a jẹ iyán. Sísì kan, ìdajì ṣílè, ni wọ́n tà á, ẹran rẹ̀ kò tó àtàǹpàkò mi, ọbẹ̀ rẹ̀ sì ki. Nílé wa, ẹni tí yóò bá ta oúnjẹ fún àlejò máa ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò lójú rẹ̀. Ìyá oníyán yìí kò tọ́ ọ wò, nítorí náà mo dúró kí Fẹ́yì jẹ òkèlè mẹ́ta ná. Ó ní, "Bàbá, bí wọ́n bá ti fi nǹkan sí i, èmi lẹ fẹ́ kó pa?" Mo ní kí ó máa jẹun. Láti Òǹdó a wọ mọ́tò mìíràn gba Ifẹ̀ kọjá, a sì dé Ìbàdàn nígbà tí oòrùn ń rọlẹ̀.

Aṣojú ilé-ẹ̀kọ́ Amẹ́ríkà la kọ́kọ́ rí, nínú yàrá kan lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Dùgbẹ̀. Ọmọ Yorùbá ni, ó wọ kóòtù. Bí mo ṣe wọlé ni ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì. Ó kí mi, ó kí ilé, ó kí oko, ó kí àwọn ìyàwó tí kò mọ̀ bóyá mo ní. Ó ní láàárín oṣù mẹ́wàá Fẹ́yì yóò ti gba oyè, pé inú ìwé ni ohun gbogbo wà, pé kò sí pé ó ń fọwọ́ kan aláìsàn. Ó fi ìwé ẹ̀rí kan hàn wá tí òǹtẹ̀ rẹ̀ ń dán yanran.

Mo bi í ní ìbéèrè tí a máa ń bi ilé ọkọ. Bí a bá ń wádìí àna nílùú wa, a kì í béèrè iye ìyàwó tí ó wà nílé. Èyí tí ó ti kúrò níbẹ̀ là ń béèrè, àti ohun tí ó lé e. Mo ní, "Nínú àwọn tí wọ́n ti kọ́ ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ yín, ta ni kò parí rẹ̀? Kí ló sì fà á?"

"Há, Bàbá! Kò sí o! Gbogbo wọn ló parí, gbogbo wọn ló yege!"

"Kò sí ẹyọ kan?"

"Ẹyọ kan kò sí, Bàbá mi."

Mo dìde. Ilé tí ìyàwó kankan kò tíì bínú kúrò ńbẹ̀ rí, bí kò bá jẹ́ àná ni wọ́n kọ́ ọ, ẹni tí ń sọ̀rọ̀ ń fi nǹkan pamọ́ ni. Bóyá ilé-ẹ̀kọ́ náà dára, n kò lè sọ. Ẹnu tí ó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni n kò gbà gbọ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì a lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kan, níbi tí olùkọ́ obìnrin tí ó wá láti Ìlú Ọba ti ń gba àlejò. Fẹ́yì kọ́kọ́ wọlé, ó pẹ́ níbẹ̀ gan-an. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí ó dúró síta, kí ẹbí rẹ̀ wọlé. Òyìnbó náà ga, ó tínrín, kò rẹ́rìn-ín púpọ̀. Nọ́ọ̀sì ọmọ Ìbàdàn kan jókòó láàárín wa láti máa túmọ̀. Mo bi í ní eghó tí ilé-ẹ̀kọ́ ń gbà, nítorí eghó ni àwa ń pe owó. Ni òyìnbó bá ní kí n tún un pè. Mo tún un pè. Ó tún ní kí n pè é lẹ́ẹ̀kan sí i, ó ń wo ọ̀fun mi, ó sì ń kọ ọ́ sínú ìwé. Mo pa ẹnu dé. Mo rò pé owó orí ni wọ́n ń wá. Nọ́ọ̀sì ní, "Bàbá, ohùn yẹn ló wù wọ́n, pé wọn kò gbọ́ ọ lẹ́nu àwa tibí." Èyí kò fi mí lọ́kàn balẹ̀.

Níkẹyìn ó béèrè bóyá ẹbí fọwọ́ sí i pé kí Fẹ́yì wá sọ́dọ̀ wọn fún ọdún méjì. Ibi tí mo ń dúró dè nìyẹn. Mo gún fìlà mi, mo sì dáhùn bí a ṣe ń dá ará ilé ọkọ lóhùn ní ìgbà àkọ́kọ́: "Ẹ kú ìnáwó, ẹ kú àbọ̀. Ṣùgbọ́n a kò ní ọmọ tí a fẹ́ fún ẹnikẹ́ni lọ́dún yìí."

Nọ́ọ̀sì wò mí, ó wo ilẹ̀, ó sì túmọ̀ rẹ̀. Òyìnbó náà gbé ojú kúrò nínú ìwé rẹ̀. Ó ní, "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Ṣé ó dá yín lójú?" Inú mi dùn pé ó mọ ẹ̀bẹ̀. Mo ní, "Ó dá mi lójú ṣáká." Ó mú kálàmù, ó fa ìlà kan sórí orúkọ Fẹ́yì, ó bọ̀ mí lọ́wọ́. Mo rò pé ìlà ọlá ni.

Ìdí àwo ẹ̀kọ àti àkàrà ni mo ti ń ròyìn fún Fẹ́yì, lẹ́bàá géètì ilé ìwòsàn. Mo ní, "Fọkàn balẹ̀. Mo kọ̀ fún wọn dáadáa."

Ẹ̀kọ dúró lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ kọ̀ kẹ̀?"

"Ìgbà àkọ́kọ́ ṣáà ni. Wọn yóò padà wá."

"Bàbá, wọn kì í padà wá!" N kò gbọ́ kí Fẹ́yì gbé ohùn sókè sí mi rí. Omi ti lé sí i lójú. "Èkó ni wọ́n ń lọ lọ́sàn-án yìí. Ipò kan ṣoṣo ni wọ́n ní fún gbogbo wa. Wọ́n ti fi mí jókòó ti bàbá kan tí kò lè sọ̀rọ̀ mọ́, wọ́n ní mo mọ bí a ṣe ń dúró de ènìyàn. Wọ́n ti fẹ́ fún mi, Bàbá. Ẹ ti bá mi kọ̀ ọ́."

Ẹbí ìyàwó kì í sá tẹ̀lé ẹbí ọkọ. Láti ìgbà tí mo ti dáyé, n kò rí i. Mo dìde, mo sì sá tẹ̀lé wọn.

Wọ́n ń kó àpótí sínú mọ́tò nígbà tí a dé ẹ̀yìn ilé ìwòsàn náà. Mo kọ́kọ́ kọjú sí nọ́ọ̀sì. "Ìwọ tí o jẹ́ ọmọ Yorùbá, ṣé o kò mọ ohun tí mo ń ṣe ni?"

Ó ní, "Mo mọ̀, Bàbá. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ bá sọ ni wọ́n ní kí n sọ. Bí mo bá fi tèmi kún un, ta ló máa kọ́kọ́ fura sí mi? Ẹ̀yin náà ni."

Òótọ́ ni. Mo ṣàlàyé àṣà wa fún òyìnbó náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, pé ẹbí ìyàwó a máa kọ̀ ní ìgbà àkọ́kọ́ kí ẹbí ọkọ lè padà wá bẹ̀ wọ́n. Nọ́ọ̀sì ń túmọ̀, ó ń pa ẹ̀rín mọ́ra. Òyìnbó náà gbọ́ ọ tán, ó wò mí bí mo ṣe wo ìyá oníyán ní Òǹdó.

"Bí 'rárá' yín bá jẹ́ 'bẹ́ẹ̀ ni'," ó ní, "báwo ni n ó ṣe mọ ohun tí 'bẹ́ẹ̀ ni' yín jẹ́?"

Kò sí ẹni tí ó bi mí ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí. Mo ní, "Èmi náà ní ìbéèrè. Bí n kò bá fẹ́ fún yín ní ọmọ, n kò ní yọ ara mi lẹ́nu láti bi yín. Ta ni ó kúrò lọ́dọ̀ yín láìparí, kí ló sì fà á?"

Ó fi àpótí ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní ọkùnrin kan wà tí wọ́n dá dúró nítorí pé kò lè ní sùúrù, gbogbo ọ̀rọ̀ tí aláìsàn bá bẹ̀rẹ̀ ni ó ń bá a parí. Ọmọbìnrin kan lọ tọ́jú bàbá rẹ̀, kò padà. Lẹ́yìn náà ni ó sọ ẹnì kẹta. Àwọn olùkọ́ fúnra wọn ni wọ́n ṣe é níbi, ó ní, wọn kò wá ilé tí ó dára fún un nígbà òtútù, ó ṣàìsàn, ó sì lọ. Ó ní ó ṣì ń dun òun.

Ará ilé ọkọ tí ó fẹnu ara rẹ̀ sọ èyí tí ó jẹ́ ẹ̀bi wọn! Mo ní kí nọ́ọ̀sì sọ fún un pé mo fi ọmọ fún un, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, n kò sì ní yí i padà.

Òyìnbó náà mi orí. Ó ti fi wáyà ránṣẹ́ sí Èkó, sí ẹni tí orúkọ rẹ̀ tẹ̀lé ti Fẹ́yì, pé ipò náà ti di tirẹ̀. Kò lè gbà á padà lọ́wọ́ ẹni yẹn. Ọdún tí ń bọ̀ ni ó lè kọ orúkọ Fẹ́yì sí, bí ọmọ náà bá gbà láti wá ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn aláìsàn ní ilé ìwòsàn yìí títí di ìgbà náà. Fẹ́yì kúnlẹ̀ dúpẹ́. Mo dúpẹ́ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé odindi ọdún kan ni mo gbà lọ́wọ́ ọmọ náà.

Nígbà tí a gbéra sílé ní ìdájí ọjọ́ kẹta, Fẹ́yì kò sọ ohun tí ó ju "ẹ kú ìjókòó" lọ títí a fi dé Òǹdó. N kò fura sí ẹnikẹ́ni ní ọjọ́ náà. Ara mi ni mo ń ṣọ́.

Ilẹ̀ kò tíì ṣú nígbà tí a dé Ìjù-Odò. Ẹbí ti pé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Ẹ̀gbọ́n Jòsáyà. Fẹ́yì kúnlẹ̀, ó ní ilé-ẹ̀kọ́ Ìlú Ọba la mú, ṣùgbọ́n ọdún tí ń bọ̀ ni òun yóò lọ. Kò sọ̀rọ̀ mi rárá.

Ẹ̀gbọ́n pàtẹ́wọ́. "Ẹ ṣe é dáadáa! Ẹ jẹ́ kí wọ́n dúró. Wọ́n á mọ̀ pé ọmọ wa ní ẹbí. Ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n wá bẹ̀ yín?"

Mo lè gba ìyìn náà. Ọmọ náà ti bò mí láṣìírí.

"Wọn kò wá bẹ̀ wá, Ẹ̀gbọ́n," mo ní. "Àwa la lọ lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà àkọ́kọ́, mo kọ̀, wọ́n sì gbà pé mo kọ̀. Ọmọ yìí ló ń dúró, kì í ṣe àwọn. Èmi ni mo dá a dúró."

Ẹ̀gbọ́n ní, "O sá tẹ̀lé wọn?" Mo ní, "Mo sá tẹ̀lé wọn." Ó mi orí fún ìgbà pípẹ́, ó sì ní kí wọ́n bu omi fún wa.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín bá gba irú lẹ́tà yìí, ẹ wádìí, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òǹtẹ̀ dídán tàn yín jẹ. Ẹ béèrè àwọn tí kò parí. Ṣùgbọ́n bí ó bá kan ẹ̀yin náà láti dáhùn, ohun tí ó wà nínú yín gan-an ni kí ẹ sọ.

Lọ́sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e, Fẹ́yì kó lọ sí Ìbàdàn láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nílé ìwòsàn. Èmi ni mo ru àpótí rẹ̀ dé ibùdó ọkọ̀ ní Òkìtìpupa. Akọ̀wé mọ́tò béèrè bóyá ọmọ náà ń lọ tàbí ó kàn sin ènìyàn wá.

Kò tíì pa ẹnu dé tí mo fi ní, "Ó ń lọ."